Bí ẹ ṣe lè yan ọ̀nà tí ẹ ó gbà wo NBA ní Amẹ́ríkà: ìfiwéra áńtẹ́nà, íntánẹ́ẹ̀tì, ìkànnì ìbílẹ̀ àti League Pass

Kò sí ibì kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà tí ènìyàn ti lè san owó ẹ̀ẹ̀kan kó sì rí gbogbo eré bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti líìgì NBA wò bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 30 ló wà nínú líìgì náà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá eré 82 láàrin oṣù Kẹwàá sí oṣù Kẹrin, àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 1,230 kí Playoffs, ìyẹn ìpele tí àwọn ẹgbẹ́ tó ṣe dáadáa jù ti ń du ife, tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Wọ́n ti gé àwọn eré wọ̀nyí sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì ti tà wọ́n fún oríṣiríṣi iléeṣẹ́, débi pé ẹgbẹ́ kan náà lè wà lórí NBC ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kó wà lórí Prime Video ní ọjọ́ Ẹtì, kí eré rẹ̀ tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ èyí tí ìkànnì ìlú rẹ̀ nìkan yóò gbé jáde.

Àwọn tó ń béèrè ìmọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí owó: èló ni èyí, èló ni tọ̀hún? Ní tèmi, ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn ni ẹgbẹ́ tí ẹ ń tẹ̀ lé, àti bí ilé yín ṣe jìnnà sí ìlú ẹgbẹ́ náà tó. Ẹ wo ènìyàn mẹ́ta tó ń gbé ní Phoenix: ọ̀kan ń tẹ̀ lé Suns tó jẹ́ ẹgbẹ́ ìlú náà, èkejì jẹ́ olólùfẹ́ Celtics ti Boston, ẹ̀kẹta kò ní ẹgbẹ́ kankan lọ́kàn, eré tó bá ti gbóná ló fẹ́ wò. Ìlú kan náà ni wọ́n ń gbé, síbẹ̀ ohun tó tọ́ sí ọ̀kan nínú wọn lè jẹ́ òfò pátápátá fún èkejì, nítorí pé ibi tí ènìyàn wà àti ẹgbẹ́ tó yàn ni àdéhùn ìgbéjáde fi ń pinnu ohun tí yóò rí. Owó nìkan kò lè ṣí ilẹ̀kùn tí àdéhùn bá ti tì.

Bí wọ́n ṣe pín eré náà

Ní oṣù Keje ọdún 2024 ni NBA kéde àdéhùn ọlọ́dún 11 pẹ̀lú iléeṣẹ́ mẹ́ta: Disney tó ni ABC àti ESPN, NBCUniversal tó ni NBC àti Peacock ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti Amazon tó ni Prime Video tí òun náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó rẹ̀ tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 76 dọ́là. Sáà 2025-26 ni àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀, sáà 2035-36 ni yóò sì parí. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, tí líìgì náà bá Disney àti Turner ṣe fún ọdún mẹ́sàn-án, jẹ́ bílíọ̀nù 24 dọ́là. Turner ti ń gbé NBA jáde láti ọdún 1984, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ rẹ̀ nínú àdéhùn tuntun yìí. Warner Bros. Discovery, tó ni Turner àti ìkànnì rẹ̀ TNT, pe líìgì náà lẹ́jọ́, wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ náà láàrin ara wọn ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà. Èrè tí àwọn òǹwòran rí nínú rẹ̀ ni pé ètò Inside the NBA, tí Ernie Johnson, Charles Barkley, Kenny Smith àti Shaquille O'Neal ń ṣe, kò kú: TNT ló ṣì ń ṣe é, àmọ́ orí ESPN àti ABC ni ẹ ó ti máa rí i.

Nínú eré 1,230 yẹn, NBC àti Peacock gba 100, ABC àti ESPN gba 80, Amazon gba 66. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 246. Bí a bá yọ ìwọ̀nba tí NBA TV, ìkànnì líìgì náà fúnra rẹ̀, ń gbé jáde kúrò, a jẹ́ pé nǹkan bí eré mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kò sí lórí ìkànnì orílẹ̀-èdè kankan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò sanwó fún iléeṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pátá, tí wọn yóò rò pé àwọn ti ra gbogbo NBA, kí wọ́n tó ṣàkíyèsí pé ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn kò hàn lójú àwo fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ìdámárùn-ún ni wọ́n rà.

Áńtẹ́nà, ọ̀nà ọ̀fẹ́ tí a ń fojú di

Lábẹ́ àdéhùn àtijọ́, eré 15 ni ó kéré jù lọ tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé sórí tẹlifíṣọ̀n tí kò ní owó oṣooṣù nínú láàrin sáà kan. Lábẹ́ ti tuntun, ó ti di 75. Èyí ni àyípadà tó ṣe òǹwòran lóore jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ bílíọ̀nù yìí, ó sì yà mí lẹ́nu pé òun ni wọn kì í sábà sọ. Ẹni tó bá ra áńtẹ́nà lẹ́ẹ̀kan, tó sì ń gbé níbi tí ìgbì ABC àti NBC ń dé, yóò rí eré NBC ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti oṣù Kẹwàá, eré ABC ní ọjọ́ Kérésìmesì, eré ABC ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọ̀sán ọjọ́ Àìkú nígbà tí ọdún tuntun bá ti wọlé, àti eré NBC ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn tí sáà NFL, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù American football, bá ti kásẹ̀ nílẹ̀. Èyí tó tún ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé orí ABC ni Finals, ìyẹn àṣekágbá, yóò máa wà jálẹ̀ ọdún mọ́kànlá àdéhùn náà.

Àléébù rẹ̀ ni pé eré kò pọ̀ lórí rẹ̀ títí di oṣù Kejìlá. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìbẹ̀rẹ̀ sáà, nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun ń jáde fún ìgbà àkọ́kọ́, kò ní rí púpọ̀ jẹ níbẹ̀. Bákan náà, tí òkè tàbí ilé gíga bá wà láàrin ilé yín àti òpó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, ìkànnì kan lè mọ́lẹ̀ kedere kí èkejì má wọlé rárá. Ẹ gbé áńtẹ́nà kékeré wò kí ẹ tó ra ńlá.

Nípa àwòrán, ABC àti ESPN ń gbé eré wọn jáde ní 720p, NBC sì ń lo 1080i (nọ́ńbà náà ni iye ìlà tó wà nínú àwòrán). Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ìyàtọ̀ tó hàn ni ti àkókò: ohun tó ń gba áńtẹ́nà kọjá máa ń ṣáájú ohun tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, nígbà mìíràn ó lè ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ. Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bí eré ṣe ń lọ, ẹni tó ń lo áńtẹ́nà yóò ti kígbe pé bọ́ọ̀lù wọlé kí ó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú lójú tiyín.

Ẹni tó bá ń ráhùn pé eré ti fọ́n ká jù lónìí lè wo bí nǹkan ṣe rí ní ọdún 1980. Nínú eré kẹfà Finals ọdún náà, Kareem Abdul-Jabbar fara pa, kò lè bá Lakers lọ sí Philadelphia, ni Magic Johnson, ọmọ ogún ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé inú líìgì, bá bọ́ sí ipò rẹ̀, ó gba àmì 42, Lakers sì gba ife. Ní apá tó pọ̀ jù lórílẹ̀-èdè náà, CBS kò gbé eré yẹn jáde bó ṣe ń lọ. Ó di aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ kí wọ́n tó fi èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ hàn. Ìkànnì kan ṣoṣo ló ní Finals nígbà náà, síbẹ̀ àwọn ènìyàn kò rí eré náà wò lásìkò.

Peacock, Prime Video àti ESPN

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà 2025-26, Peacock tó ní ìpolówó nínú jẹ́ dọ́là 10.99 lóṣù, Amazon Prime jẹ́ dọ́là 14.99 lóṣù tàbí 139 lọ́dún, ESPN tí ènìyàn lè rà láìní kébù (tẹlifíṣọ̀n onísanwó tó ń gba wáyà wọlé), èyí tó jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, sì jẹ́ dọ́là 29.99 lóṣù. Tí ẹ bá fi owó lásán wé ara wọn, Peacock ló borí, nítorí pé òun ló ní eré tó pọ̀ jù ní owó tó kéré jù. Àmọ́ ìfiwéra bẹ́ẹ̀ a máa tan ènìyàn jẹ, nítorí pé ohun tí ẹ ti ní nílé ló ń sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fún yín.

Ẹ mú Peacock. Gbogbo eré tí NBC bá gbé jáde ni Peacock náà ń gbé. Ẹni tí áńtẹ́nà rẹ̀ ń mú NBC dáadáa kò ra eré 100 nígbà tó san owó Peacock; ohun tó rà ní ti gidi ni eré alẹ́ ọjọ́ Ajé tí kò sí níbòmíràn, àti àǹfààní kan ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, NBC sábà máa ń ní eré méjì, ọ̀kan fún ìhà ìlà-oòrùn, ọ̀kan fún ìhà ìwọ̀-oòrùn, ibi tí ẹ ń gbé ló sì ń pinnu èyí tí ìkànnì àdúgbò yín yóò fi síwájú, ṣùgbọ́n méjèèjì ló wà lórí Peacock. Fún ẹni tí kò lè fi áńtẹ́nà mú NBC, Peacock wúlò gan-an. Fún ẹni tó lè mú un, ó jẹ́ àfikún tó dùn, kì í ṣe kòṣeémánìí.

Prime Video yàtọ̀, nítorí pé eré rẹ̀ 66 kò sí lórí ìkànnì orílẹ̀-èdè mìíràn. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ó ti máa ń ṣe tirẹ̀. Tí eré NFL ti ọjọ́bọ̀ bá parí, ó tún gba alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó sì ní àwọn ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Òun nìkan ló ni ìpele tí ẹgbẹ́ tó bá pàdánù ti ń já kúrò nínú NBA Cup, ife tí wọ́n ń du láàrin sáà, ní oṣù Kejìlá, òun nìkan ló sì ni gbogbo eré Play-In ní oṣù Kẹrin, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní ipò keje sí ìkẹwàá ti ń du ààyè tó kù nínú Playoffs. Ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà ti ń san owó Prime tẹ́lẹ̀ nítorí ọjà tí wọ́n ń rà, nítorí náà fún wọn, kò sí owó tuntun kankan nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní i rí, tó sì jẹ́ pé nítorí bọ́ọ̀lù nìkan ló fẹ́ gbà á, lè mú un fún oṣù Kejìlá àti oṣù Kẹrin kó sì fi èyí tó kù sílẹ̀.

ESPN ló wọ́n jù, òun náà ló sì ṣòro jù láti dá láre fún ẹni tó jẹ́ pé NBA nìkan ló ń wò. Ọjọ́rú ni ọjọ́ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọjọ́ Ẹtì kan, àti eré márààrún ọjọ́ Kérésìmesì tó pín láàrin òun àti ABC. Láti oṣù Kẹwàá títí di Finals jẹ́ oṣù mẹ́sàn-án; tí ẹ bá san dọ́là 29.99 fún gbogbo wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là 270. Oṣù méjì péré, ìyẹn oṣù Kẹrin àti Karùn-ún tí Playoffs wà lójú ọ̀nà, kò ju nǹkan bí ọgọ́ta dọ́là lọ, ibẹ̀ sì ni eré rẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù wà. Nínú ọdún mọ́kànlá àdéhùn náà, mẹ́wàá ni ABC àti ESPN yóò fi ní ọ̀kan nínú àṣekágbá ìhà méjèèjì, ti ìlà-oòrùn àti ti ìwọ̀-oòrùn, tó ń ṣáájú Finals. NBC àti Amazon ló ń pín èyí tó kù láàrin ara wọn. Tí oṣù Kẹfà bá dé, áńtẹ́nà yín yóò mú Finals lórí ABC, ẹ lè dá ESPN dúró láìpàdánù ohunkóhun. Èmi kì í sanwó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà fún ìkànnì tó jẹ́ pé nínú oṣù méjì ni mo fẹ́ lò ó.

Àwọn àpapọ̀ ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi YouTube TV tún wà, tí wọ́n kó ABC, NBC àti ESPN pọ̀ sí ojú kan. Wọ́n rọrùn, wọ́n sì wọ́n. Ewu kan wà níbẹ̀ tí áńtẹ́nà kò ní: tí iléeṣẹ́ tó ni ìkànnì àti iléeṣẹ́ tó ń tà á kò bá fi ẹnu kò lórí owó, òǹwòran ló ń jìyà. Ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2025, nígbà tí sáà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ESPN àti ABC kúrò lórí YouTube TV fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì nítorí irú ìjà bẹ́ẹ̀.

Ìkànnì ìbílẹ̀: ibi tí ọ̀pọ̀ eré wà

Ẹni tó ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ ìlú tó ń gbé ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ pẹ́ jù, nítorí pé òun ni nǹkan dàrú mọ́ lọ́wọ́ jù ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a ta eré rẹ̀ fún ìkànnì eré ìdárayá ti agbègbè rẹ̀, ìkànnì náà a wọ inú àkójọ kébù, gbogbo ilé tó bá sì ní kébù a máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù, yálà ẹnikẹ́ni nínú ilé náà ń wo bọ́ọ̀lù tàbí wọn kò wò ó. Owó àwọn tí kì í wò ó ló ń gbé ètò náà ró. Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi kébù sílẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ṣùgbọ́n iye tí àwọn ìkànnì náà ti ṣèlérí fún àwọn ẹgbẹ́ kò dín kù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Diamond Sports Group, tó ń darí àwọn ìkànnì Bally Sports tó sì ní eré ẹgbẹ́ NBA tó ju mẹ́wàá lọ lọ́wọ́, wọ ilé ẹjọ́ lọ wá ààbò nítorí gbèsè. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, wọ́n yí orúkọ àwọn ìkànnì náà padà sí FanDuel Sports Network.

Àwọn ẹgbẹ́ kan kò dúró wo ibi tí yóò já sí. Ní ọdún 2023, Phoenix Suns gbé eré wọn lọ sórí tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ pẹ̀lú iléeṣẹ́ Gray, Utah Jazz náà lọ sórí KJZZ ní Salt Lake City, wọ́n sì dá Jazz+ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ sanwó wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 2024, New Orleans Pelicans, Dallas Mavericks àti Portland Trail Blazers tẹ̀ lé wọn. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí gbà láti pàdánù ni owó tó dájú láti ọwọ́ kébù. Ohun tí wọ́n rí gbà ni pé ọmọdé tí òbí rẹ̀ kò ní kébù lè dàgbà di olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà. Mo gbà pé ìpinnu tó dára ni, pàápàá fún ẹgbẹ́ tí ìlú rẹ̀ kò tóbi púpọ̀.

Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ìlú ńlá kò tíì kúrò nídìí ìkànnì olówó. Lakers wà lórí Spectrum SportsNet láti ọdún 2012, Knicks sì wà lórí MSG Network. Ìdí tí wọn kò fi ní í yára kúrò ni pé owó tó ń wọlé fún wọn níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ lè mú wá. Nítorí náà, olólùfẹ́ Suns ní Phoenix àti olólùfẹ́ Lakers ní Los Angeles kò sí lórí ìlà kan náà rárá: áńtẹ́nà kan lè fún ẹni àkọ́kọ́ ní eré ìbílẹ̀ àti púpọ̀ nínú eré orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ẹni kejì gbọ́dọ̀ ra ìkànnì ìbílẹ̀ kó tó lè sọ pé òun ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ òun.

Ohun kan tún wà tí owó kò fi hàn. Asọ̀rọ̀ eré tó wà lórí ìkànnì orílẹ̀-èdè mọ gbogbo ẹgbẹ́ níwọ̀nba. Ti ìkànnì ìbílẹ̀ mọ ẹgbẹ́ kan dé eegun. Walt Frazier, tó gba ife pẹ̀lú Knicks ní ọdún 1970 àti 1973, wà lára àwọn tó ń sọ̀rọ̀ eré wọn lórí MSG. Chick Hearn sọ̀rọ̀ eré Lakers 3,338 tẹ̀ léra wọn láìpa ọ̀kan jẹ, láti ọdún 1965 títí di 2001. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí agbábọ́ọ̀lù kẹsàn-án nínú ẹgbẹ́ fi jókòó pẹ́ lónìí yóò gbọ́ ọ lẹ́nu irú àwọn bẹ́ẹ̀; orí ìkànnì orílẹ̀-èdè, ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ eré méjì tàbí mẹ́ta ni wọn yóò máa tún sọ.

Ẹ má gbàgbé pé ìkànnì ìbílẹ̀ pẹ̀lú kò ní gbogbo eré 82. Èyí tí iléeṣẹ́ orílẹ̀-èdè bá ti gbà fún ara wọn nìkan kò ní í hàn níbẹ̀, Playoffs sì jẹ́ ti wọn.

League Pass àti ìdènà àgbègbè

League Pass ni ọjà tí líìgì náà fúnra rẹ̀ ń tà, láti àárín àwọn ọdún 1990. Ó kó àgbéjáde ìkànnì ìbílẹ̀ gbogbo ẹgbẹ́ jọ, ó sì ń fi wọ́n hàn fún àwọn tó ń gbé lẹ́yìn agbègbè ẹgbẹ́ náà. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà. Nínú Amẹ́ríkà, tí ẹ bá ń gbé ní agbègbè ẹgbẹ́ kan, League Pass kò ní í fi eré ẹgbẹ́ náà hàn yín bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, ì báà jẹ́ pé ẹgbẹ́ náà ń gbá a nílé, ì báà jẹ́ pé ó ń gbá a lóde, nítorí pé ìkànnì ìbílẹ̀ ti ra ẹ̀tọ́ yẹn. Bákan náà ni eré tó bá wà lórí ABC, ESPN, NBC, Peacock tàbí Prime Video kò ní í hàn níbẹ̀ ní tààràtà. Ó di ìgbà tí eré bá ti parí kí ẹ tó lè wò ó nínú àkójọ. Ibi tí fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n yín wà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ìlú tí ẹ kọ sínú ìwé.

Nítorí náà, olólùfẹ́ Suns tó ń gbé ní Phoenix tó sì ra League Pass nítorí Suns ti da owó nù. Ẹ jẹ́ ká wá wo olólùfẹ́ Celtics tó ń gbé ní Phoenix. Òun ni wọ́n ṣe ọjà náà fún: yóò rí èyí tó pọ̀ jù nínú eré ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò sì gbọ́ ohùn àwọn ará Boston bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Síbẹ̀, nígbà tí Celtics bá wá bá Suns gbá, ìdènà yóò bo eré náà, nítorí pé ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ méjèèjì jẹ́ ti agbègbè rẹ̀.

Nǹkan mìíràn wà tí ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ rò dáadáa. Bí òkìkí ẹgbẹ́ kan bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni League Pass ṣe ń dín níye fún olólùfẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ bíi Lakers, Warriors àti Knicks ni iléeṣẹ́ orílẹ̀-èdè ń du, eré wọn tó ju 30 lọ sì lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ náà láàrin sáà kan. Gbogbo ìyẹn ti kúrò nínú ohun tí League Pass lè fi hàn bó ṣe ń lọ. Ẹgbẹ́ tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá kò bìkítà fún, tí kò sì sí lára àwọn tó ń jà fún ife, fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wà níbẹ̀ lódidi. Olólùfẹ́ Lakers tó ń gbé ní Atlanta yóò nílò League Pass pẹ̀lú Peacock, Prime àti ESPN kó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn; olólùfẹ́ Charlotte Hornets tó ń gbé ní Seattle lè ra League Pass nìkan kó sì fọkàn balẹ̀.

Fún ẹni ẹ̀kẹta, tí kò ní ẹgbẹ́, League Pass dára fún ìyàtọ̀: alẹ́ tí eré mẹ́wàá ń lọ lọ́wọ́ ni ó ti ń dùn, tí ènìyàn ń fò láti ọ̀kan sí òmíràn nígbà tí ìṣẹ́jú bá kù díẹ̀. Àmọ́ eré tó gbóná jù lọ́sẹ̀ yẹn sábà máa ń wà lórí ìkànnì orílẹ̀-èdè. Áńtẹ́nà àti Prime tó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ṣé iye òǹwòran yẹ kó darí yín?

Àwọn kan máa ń fi iye òǹwòran yan ìkànnì, wọ́n gbà pé ibi tí èrò pọ̀ sí ni eré tó dára wà. Ẹ ṣọ́ra. Eré tí èrò tíì wò jù nínú ìtàn NBA ni eré kẹfà Finals ọdún 1998, tí Michael Jordan fi ju bọ́ọ̀lù ìkẹyìn rẹ̀ fún Bulls ní Utah: mílíọ̀nù 35.9 ènìyàn ló wò ó lórí NBC, ìpíndọ́gba Finals náà sì jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 29. Ti ọdún 2020 láàrin Lakers àti Heat, tí wọ́n gbá nínú ọgbà Disney ní Florida nítorí àjàkálẹ̀ àrùn, já sí mílíọ̀nù 7.5. Ti ọdún 2025, láàrin Thunder àti Pacers, jẹ́ mílíọ̀nù 10.3 ní ìpíndọ́gba, eré keje rẹ̀ sì fa mílíọ̀nù 16.4. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà wọ̀nyí lásán yóò ní eré náà ti bàjẹ́. Ohun tí wọn kò sọ ni pé ní ọdún 1998, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì tó lè gbé eré, ìkànnì tó ń bá NBC dìje kéré, Jordan sì wà lórí pápá. Oṣù Kẹsàn-án wọ oṣù Kẹwàá ni wọ́n gbá Finals 2020, nígbà tí NFL ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà wọ́n pàápàá ti yí padà. Nielsen, tó ń ṣe òǹkà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó ń wò ó lẹ́yìn ilé, bíi ní ilé ọtí àti hòtẹ́ẹ̀lì, mọ́ iye orílẹ̀-èdè ní ọdún 2020. Ó mú kí ìkà náà gbòòrò ní oṣù Kejì ọdún 2025. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í da ìsọfúnni láti inú àpótí kébù àti tẹlifíṣọ̀n orí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ mọ́ ti àwọn ìdílé tó ti ń lò tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá wá gbọ́ pé òǹwòran sáà 2025-26 pọ̀ ju ti èyí tó ṣáájú lọ, ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n apá kan nínú rẹ̀ wá láti ara ọ̀nà ìkà tuntun, apá mìíràn sì wá láti ara pé eré ọ̀fẹ́ pọ̀ sí i. Iye òǹwòran ń sọ bí ó ti rọrùn tó láti rí eré kan. Kò sọ bóyá eré náà dùn.

Líìgì àwọn obìnrin

Ẹni tó ń wo WNBA pẹ̀lú ní ìdí láti ṣe ìṣirò yìí lọ́nà mìíràn. Iléeṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kan náà ló ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ọdún 11 láti ọdún 2026, fún nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.2 dọ́là, àárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹwàá ni wọ́n sì ń gbá a, tó jẹ́ pé NBA ń sinmi ní èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò náà. Fún irú òǹwòran bẹ́ẹ̀, owó ọdún kan lórí Prime bọ́gbọ́n mu ju sísan án ní oṣù kan kí a sì fi í sílẹ̀ ní oṣù kejì.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ sanwó

Àtẹ eré sáà sábà máa ń jáde ní oṣù Kẹjọ. Ẹ mú un, ẹ sàmì sí gbogbo eré ẹgbẹ́ yín, kí ẹ sì ka iye tó wà lórí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì kankan. Bí èyí tó wà lórí ESPN bá jẹ́ mẹ́rin péré, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ ṣá, nítorí pé líìgì náà lè yí ọjọ́ tàbí ìkànnì eré kan padà nígbà tí sáà bá ti jìnnà, pàápàá tí ẹgbẹ́ kan tí a kò fojú sí bá bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Ní ti League Pass, iye rẹ̀ sábà máa ń já wálẹ̀ bí sáà ṣe ń lọ, nítorí pé eré tó kù ń dín kù. Ẹni tí kò kánjú, tó lè fi áńtẹ́nà gbé ìgbé ayé rẹ̀ títí di ọdún tuntun, lè rà á ní oṣù Kìn-ín-ní ní owó tó kéré sí ti oṣù Kẹwàá, kó sì fi dọ́là tó ṣẹ́kù ra ESPN ní oṣù Kẹrin.